Ojú Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ṣí Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mi ò fẹ́ràn àbúrò ọkọ mi, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Dùnmínínú ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyàwó ilé ni mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin mí wọ ilé Adéyẹyè ní Ìjan, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ikun ń dà nímú rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ mi ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ti wà nílé kí o tó dé, ọkọ rẹ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, o ò sì gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ìnagijẹ lo máa fún un. Mo wo ọmọdébìnrin náà, mo rí bó ṣe dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, mo bá sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ó dùn mọ́ gbogbo ilé nínú. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé tí mo bá ti pè é.

Ó lọ sí Èkó ní dúdú, ó bọ̀ ní pupa. Gbogbo ẹbí rí i, wọ́n ní ara tù ú ni. Èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Adúmáadán ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ o." Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó wa, orúkọ yẹn ti tó gẹ́ẹ́. Apọ́nbépo ni kí o máa pè mí báyìí."

Mo ní mo ti gbọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní Apọ́nbépo, eyín mi á sì máa fẹ́ dì mọ́ra bí mo bá ń pè é.

Ojú tèmi náà kò mọ́, kí n má parọ́. Nígbà tí mo lóyún Ìfẹ́olúwa ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lábawọ́n lábawọ́n, ó sì gba iwájú orí kan. Mo rò pé tí mo bá ti bímọ á lọ. Mo bímọ, kò lọ. Mo ra ìpara tí obìnrin kan ń fúnra rẹ̀ pò sínú ike, ojú kọ́kọ́ mọ́, ó tún wá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ìwé girama kan níbí ní Adó-Èkìtì, ó sì yẹ kí n gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwé kì í bá èèyàn wo dígí. Lọ́jọ́ kan mo ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì, mo gbọ́ tí ọmọ kan ń sọ pé, "Ẹ panu mọ́, Máàpù ti ń bọ̀." Èmi ni Máàpù. Wọ́n ní ojú mi dà bíi máàpù Nàìjíríà. Mo wọlé, mo kọ́ wọn ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn, mo sì fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé tí wọn ò ní lè ṣe tán. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo sunkún. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ rí Dókítà Adébíyìí, obìnrin kan tó ń tọ́jú awọ ara nílé ìwòsàn. Mo bi í léèrè nípa píìlì tí gbogbo ayé ń sọ. Ó ní ásíìdì ni wọ́n ń fi sójú, kó lè bó awọ òkè dànù kí tuntun hù. Ó ní èyí tó rọra máa ń ṣiṣẹ́ wà, èyí tó le náà wà, àti pé awọ dúdú bíi tiwa kì í gbàgbé ìyà bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi èyí tó le jó o, ibẹ̀ lè dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì lè di àpá tí kò ní lọ mọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìpara inú ike yẹn, kí n máa sá fún oòrùn, kí a sì kán díẹ̀ sẹ́yìn etí mi wò kó tó kan ojú.

"Ẹ lọ rò ó dáadáa, mà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń lé yín."

Mo lọ ń rò ó. Báwo ni olùkọ́ tó ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ ṣe ń sá fún oòrùn Adó? Bó bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Bó bá jó mi ńkọ́? Láàárọ̀ mo ti gbà pé mo máa ṣe é, kó tó di ọ̀sán mo ti yí ohùn padà. Adéyẹyè tó fẹ́ mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún, nítorí pé ọkọ mi ni. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ ò tíì parí tí Adéyẹyè fi gbé ọ̀rọ̀ ojú mi lọ bá àbúrò rẹ̀.

Dùnmínínú wá bá mi nílé. Oòrùn ń ta ganrínganrín lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ó sì fi síkáàfù wé ọrùn títí dé àgbọ̀n. Mo rò pé fáàrí Èkó ni.

"Ìyàwó wa," ó ní, kò tíì jókòó, "wọ́n ní o ti ń bá àwọn ará ìta kiri nítorí ojú rẹ."

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Mo kàn lọ ṣèwádìí ni."

"Ìwádìí kí ni? Píìlì yẹn ni iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ ní Èkó. Mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Fájuyì ní Sátidé, ojú rẹ ni mo sì máa fi ṣí i. Wọ́n á rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá rí bó ṣe dà. Nínú gbogbo ẹbí wa, kò sójú tó burú tó tìrẹ. Á dára nínú fídíò."

Mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ó ń fi "o" dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nígbà tí òun ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọn imú. Mo gbé e mì. Mo bi í pé irú ásíìdì wo ni, báwo ló sì ṣe le tó. Ó mú ìgò kékeré kan jáde nínú báàgì, ó mì ín lójú mi. Wọ́n ti ha bébà ara ìgò náà kúrò, gíláàsì lásán ló kù.

"Ọkọ mi, kò sí nǹkan tí wọ́n kọ sára rẹ̀."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ sí i? Èmi mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tíṣà ni ọ́ níléèwé rẹ, ní ti awọ ara, èmi ni tíṣà."

"Ṣé a ò ní kán an sẹ́yìn etí mi wò ná?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀yìn etí kẹ̀! Ta ló ń ya fídíò ẹ̀yìn etí?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní kí n rò ó kí n wá ní Sátidé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún Adéyẹyè pé mi ò ṣe. Ó ń wo bọ́ọ̀lù. Kò tiẹ̀ yíjú.

"Nǹkan kékeré nìyẹn, Ìyá Ìfẹ́. Ìwọ náà ṣáà fẹ́ ṣe é."

"Mo fẹ́ rò ó ni. Mi ò tíì pinnu."

"Kí ló wá kù láti rò? Ojú rẹ lo fẹ́ tún ṣe, ẹni tó máa tún un ṣe sì wá bá ọ nílé. Má jẹ́ kí Màámi gbọ́ pé o dí ọmọ wọn lọ́nà."

Màámi, ìyá ọkọ mi, kúkú ti gbọ́. Ní àárọ̀ kejì ni wọ́n pè mí láti Ìjan, ohùn wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. "Mo gbọ́ uṣẹ́ tí ọkọ rẹ fẹ́ ṣe fún ọ, ìyàwó. Inú mi dùn. Obìnrin ulé kì í jẹ́ kí ọmọ ulé tẹ́ láàárín ùlú. Ulé ọkọ, ulé ẹ̀kọ́ ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ mi níbẹ̀: pé kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ohun tó wá yí mi lọ́kàn padà pátápátá ṣẹlẹ̀ ní Tọ́sìdeé. Mo wọ kíláàsì, mo rí i pé àwọn ọmọ ń fi fóònù pamọ́ sábẹ́ tábìlì, wọ́n ń fi ẹ̀rín pamọ́ pẹ̀lú. Mo gba fóònù kan. Ojú mi ló wà níbẹ̀. Dùnmínínú ti lọ wá fọ́tò tí mo yà níbi ìkórè ìjọ wa, ó ti gé gbogbo èèyàn tó kù dànù, ó fa ojú mi tóbi títí gbogbo àbàwọ́n ara rẹ̀ fi hàn kedere, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá wo ìyanu tí a máa ṣe lójú obìnrin yìí ní Sátidé." Gbogbo Adó ló ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Mo dá fóònù padà fún ọmọ náà. Mo yíjú sí pátákó, mo ń kọ nǹkan sí i, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ. Inú ń bí mi. Ká ní mo rí Dùnmínínú ní wákàtí yẹn, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá gbé mi lọ síbẹ̀. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní ìyàwó ti fi ọmọ ilé wọ́lẹ̀, ẹjọ́ ìyẹn ò sì ní tán títí n ó fi kú. Mo ti pinnu pé mo máa kí wọn, mo máa bá wọn ṣàmín sí àdúrà, mo máa wá rọra sọ níwájú gbogbo wọn pé mi ò ṣe, mo máa sọ̀kalẹ̀ lọ sílé mi. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé, mo tún wo dígí. Apá kan nínú mi ń sọ pé kí n kúkú jẹ́ kó ṣe é, bóyá á mọ́. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù, pé ọmọ yẹn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí, ibẹ̀ ló sì fi ọwọ́ lé.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Fájuyì, ariwo àwọn ọlọ́kadà ń wọlé láti ojú fèrèsé. Màámi jókòó láàárín, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Adéyẹyè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń mu máàtì. Àwọn obìnrin aládùúgbò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wòran. Àga gbọ̀ngbọ̀nràn kan wà láàárín ilé, èyí tí èèyàn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí rẹ̀, fóònù sì wà lórí igi níwájú rẹ̀, ó ti ń ya wá, àwọn tó ń wò ó lórí fóònù tiwọn níta ti ń kọ̀wé sí i. Mosúnmọ́lá, ìyàwó tí àbúrò ọkọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, ló ń pín omi. Ó fún mi ní tèmi, ó sì sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ìyáálé mi, wọ́n ní tí ẹ ò bá wá, èmi ló kàn." Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àbàwọ́n kankan níbẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ bó lójú tìyẹn?

Dùnmínínú ti wọ ìbọ̀wọ́ róbà. Ó da nǹkan inú ìgò sínú abọ́ pẹlẹbẹ kan, ó ki òwú bọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ sì ta mí nímú láti ibi tí mo dúró sí.

Wọ́n gbàdúrà tán. Màámi wo èmi àti Mosúnmọ́lá. "Ẹ̀yin obìnrin ulé, ẹ ki ọkọ yín kí uṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ayé ń wò yín."

Èmi ni àgbà, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu. Dùnmínínú tún ara rẹ̀ ṣe níwájú fóònù, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń retí Apọ́nbépo. Mo wò ó. Mo rántí ojú mi lábẹ́ tábìlì àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

"Adúmáadán!" ni mo pè. Mo tún un pè. "Adúmáadán ọkọ mi! Adú tó ń dán láìfi nǹkan pa á! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, mo mọ bó ṣe rí nígbà tí mo dé!"

Mi ò ṣèèṣì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, èkejì bá a rín in, ẹ̀rín náà sì wọ inú fóònù lọ.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?" Dùnmínínú ké. Ó gbá mi léjìká mú, ó ń tì mí sórí àga. "O máa jókòó lónìí! O máa jókòó!" Èmi náà dì í mú, kí n má baà ṣubú. Síkáàfù ọrùn rẹ̀ ni ọwọ́ mi bá, ó sì tú.

Láti abẹ́ etí rẹ̀ títí wọ inú àyà, awọ ara rẹ̀ ti hunjọ, apá kan pupa bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, apá kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Kì í ṣe àpá àtijọ́. Omi ṣì ń sun níbì kan níbẹ̀.

Màámi dìde. "Kí ni eléyìí, Dùnmínínú?"

"Ti àkọ́kọ́ nìyẹn," ó ní, ó ń wá síkáàfù nílẹ̀. "Ó le jù nígbà yẹn. Mo ti fi omi là á báyìí."

"Ara ta lẹ ti dán èyí tí ẹ fi omi là wò?" mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń jẹun. "Ara ta ni kí n dán an wò, bí kì í bá ṣe ara ìyàwó?"

Mo wo Màámi. Mo rò pé wọ́n á sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé ni àwọn náà, ìta ni wọ́n ti wá, wọ́n ti fẹnu ara wọn pe ọmọ tí kò tó gbé garawa ní ọkọ, wọ́n sì ti jẹ ìyà rẹ̀ kí wọ́n tó di ìyá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú síkáàfù náà nílẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n rọra fi wé ọrùn ọmọ wọn. Wọ́n ní kí Mosúnmọ́lá pa fóònù. Ó pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Jókòó, ìyàwó. Jókòó kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di ti ùlú. Wọ́n ti rí i tó tú, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé uṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó ṣáà ní òun ti fi omi là á."

Adéyẹyè gbé ìgò máàtì rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ó kàn án báyìí, ọkọ tí mo fẹ́ á sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìfẹ́, jọ̀ọ́," ó ní. "Nǹkan kékeré ni. Jókòó, kó tán, ká máa lọ sílé."

Abọ́ pẹlẹbẹ yẹn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e. Òwú inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Adéyẹyè ní ìléròrò láti àgbọ̀n dé ọrùn, abẹ tó fi ń fá irùngbọ̀n ló fà á, ó sì ti ń ráhùn nípa rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Bàbá Ìfẹ́, àgbọ̀n tiyín náà ò dán," mo ní. "Àbúrò yín ló fẹ́ ṣe é, kì í ṣe ará ìta. Nǹkan kékeré sì ni. Ẹ wá jókòó, kó fi tiyín ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Mo sún mọ́ ọn pẹ̀lú abọ́ náà. Mi ò ní da nǹkan kan sí i lára, Ọlọ́run mi rí mi. Ṣùgbọ́n kò dúró rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fò lọ sójú, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi gbá ògiri. "Gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi!" ló ń ké. "Monínúọlá, gbé e kúrò!" Orúkọ mi gan-an ló fi pè mí.

Ìyá rẹ̀ rí i. Àbúrò rẹ̀ rí i. Àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà náà rí i.

Mo gbé abọ́ náà padà sórí tábìlì, jẹ́ẹ́jẹ́. "Ojú mi, èmi ni n ó pinnu lé e lórí," mo ní. "Bóyá n ó bó o, bóyá n ò ní bó o. Kì í ṣe níbí, kì í sì í ṣe lọ́wọ́ yín." Mo ní kí Mosúnmọ́lá gbé báàgì rẹ̀, nítorí pé bí mo bá fi í sílẹ̀, òun ni wọ́n máa tì sórí àga yẹn. Ó kọ́kọ́ wo Màámi. Lẹ́yìn náà ó gbé e.

Kò sẹ́ni tó pè wá padà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn. Dùnmínínú ń da nǹkan inú abọ́ padà sínú ìgò, ìyá rẹ̀ ń bá a di síkáàfù mú. Adéyẹyè wà lára ògiri níbi tó sá sí, kò sì tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lójú.